Màmá ò ní tẹ license key mọ́

Màmá kan n'Íbàdàn tí wọ́n ní chemist ra sọ́fítíwíà mi, èyí tó ń bá wọn ṣọ́ oògùn tí ọjọ́ fẹ́ lọ lórí ẹ̀. Wọ́n sanwó, wọ́n ṣe download, ó wá ku license key, kóòdù tó ń fi hàn pé èèyàn ti sanwó, lẹ́tà àti nọ́ńbà 25. Mò ń kà á fún wọn lórí fóònù, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, "Ṣé òdo ni àbí O, ọmọ mi?", kọsítọ́mà ń béèrè Paracetamol lẹ́yìn wọn, wọ́n á lọ dá a lóhùn, tí wọ́n bá fi máa padà dé a ò mọ ibi tá a bá a dé mọ́. Ìṣẹ́jú 40! Ó dùn mí wọra, torí ẹni tó ti sanwó ò yẹ kó tún jìyà kó tó lo nǹkan ẹ̀.

Mo ní kí key kúkú wà nínú installer, fáìlì tó ń gbé sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà, látìgbà tí wọ́n bá ti ń download ẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi í sínú orúkọ fáìlì, kí installer máa ka orúkọ ara ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ téèyàn bá download ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bíráwúsà á fi (1) kún un, ẹlòmíì á sì yí orúkọ náà padà pátápátá.

Ni mo bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí fáìlì. Háà! Signature, òǹtẹ̀ tó ń fi hàn pé èmi ni mo ṣe fáìlì náà àti pé ẹnikẹ́ni ò tíì yí i padà, bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀, Windows ní òun ò mọ ẹni tó ni ín. Kí n wá máa sign ti kálukú lọ́tọ̀ ńkọ́? Láti June 2023, òfin ni pé key téèyàn fi ń sign (kì í ṣe license key o) gbọ́dọ̀ wà nínú hardware, inú token USB tí mò ń kì bọ kọ̀ǹpútà mi ni tèmi wà, kò sí lórí server tí wọ́n ti ń download, tí ì bá fi máa sign fún kálukú.

Ohun tó yọ mí ni pé Authenticode, ètò tí Windows fi ń yẹ signature wò, kì í ka gbogbo fáìlì tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa ń fo checksum, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá fáìlì pé, ó ń fo ibi tó júwe certificate table, ó sì ń fo table yẹn fúnra ẹ̀, torí inú ẹ̀ ni signature ń gbé. Tẹ́ ẹ bá rọra fi data díẹ̀ síbẹ̀, tẹ́ ẹ tún size ẹ̀ kọ, signature ò ní bàjẹ́. Google náà ń lo ọgbọ́n yìí fún installer Chrome. Microsoft fẹ́ dí àyè yẹn pẹ̀lú MS13-098, update ààbò Windows kan, ní December 2013, ìgbà tó di 2014 wọ́n ní ẹni tó bá wù ni kó tan EnableCertPaddingCheck, setting tó ń kọ irú data àfikún bẹ́ẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá tan án sí ni mo ṣe ṣì fi installer lásán sílẹ̀, èyí téèyàn á tẹ key sí fúnra ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó license key gidi síbẹ̀ o. Signature ò ṣọ́ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni lè yí i padà, installer sì máa ń rìn lórí WhatsApp. Token ẹlẹ́ẹ̀kan, kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ni mo ń fi sí i, installer á gbé e fún server, server á fún un ní key gidi, token yẹn ti kú nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé Màmá gba láptọ́ọ̀pù tuntun, wọ́n download lákọ̀tun, wọ́n pè mí. "Mo ti mú gíláàsì mi o, máa kà á." Mo ní, "Ó ti wọlé, Màmá." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ó ti wọlé?" Mo wá gbọ́ tí wọ́n kọjú sí ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù, "Kí lẹ fẹ́ rà?"