Má tíì gbórí sókè: ohun tí gọ́ọ̀fù àti ṣíà kọ́ mi

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, tíṣà ni mí l'Ádó-Èkìtì, mi ò lówó tó àwọn tẹ́ ẹ máa ń rí nídìí gọ́ọ̀fù. Ọ̀gá kan tí mò ń kọ́ ọmọ ẹ̀ níwèé nírọ̀lẹ́ ló kó àwọn ọ̀pá tó ti gbó lọ́wọ́ ẹ̀ fún mi, márùn-ún péré, bẹ́ẹ̀ 14 ni òfin gọ́ọ̀fù ní kéèyàn má kọjá. Pápá ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti ń gbá a, àwọn ọmọ àdúgbò á tò síbẹ̀ bí ẹni ń wo egúngún.

Bí bọ́ọ̀lù ò bá yà bàrá sọ́tùn-ún, ọ̀pá á kàn gé e lórí, á wá máa yí gbirigbiri bí ọsàn tó já lọ́wọ́ ọlọ́sàn. Mo ṣáà rò pé agbára mi ni ò tó, ni mo bá ń fi gbogbo ara gbá a, ká tó sùn màá tún máa wá Aboniki kiri.

Ọjọ́ tí ọ̀gá yẹn mú mi lọ sí Smokin Hills ní Ìlárá-Mọ̀kín ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń báàyàn gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù wò mí títí, ló bá ní "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ kì í gúnyán l'Ékìtì mọ́ ni?" Ó ní ẹni tó mọ iyán gún kì í fi ìbínú ti ọmọ odó wọlẹ̀, ó máa gbé e sókè jẹ́jẹ́ ni, á jẹ́ kí ìwúwo ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó wá yí ọwọ́ òsì mi lórí ọ̀pá títí mo fi ń rí oríkèé ìka méjì tí mo bá wolẹ̀, ó ní ojú ọ̀pá mi ló ń ṣí sílẹ̀ tó bá kan bọ́ọ̀lù, òun ló ń jẹ́ kó yà sọ́tùn-ún. Èyí tó wá dùn mí jù: "Ẹ tún ń gbórí sókè kẹ́ ẹ tó gbá a. Ẹ fẹ́ rí ibi tó ń lọ kó tó lọ." Ó ní kí n máa wo koríko ibẹ̀ títí màá fi gbọ́ ìró. Pà! Ìgbà tí màá fi gbójú sókè, ó ti ń lọ tààrà. Kò jìnnà o, àmọ́ ó lọ tààrà.

Nígbà tá a ń bọ̀, a ti fẹ́ẹ̀ dé Ìkẹ́rẹ́, mo tún yọ fóònù láti wo iye tí ṣíà mi, ìyẹn ìpín tí mo rà nínú ilé iṣẹ́, wà, ìgbà kẹwàá lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn sọ sí mi lọ́kàn: orí náà ni mo tún ń gbé sókè yìí!

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ní òun á fún wa ní 30% lóṣù ti kọ́kọ́ gbé 60,000 náírà mi lọ, ìyẹn ò yẹ lọ́rọ̀ à ń sọ. Lẹ́yìn ẹ̀ ni mo yá 150,000 ní kọ́ọ́pù, brókà, ìyẹn ẹni tó ń báàyàn ra ṣíà, ṣí àkáǹtì CSCS tí wọ́n ń kọ ṣíà ẹni sí fún mi, mo ra ṣíà báńkì kan. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti di 118,000. Oorun ò kùn mí mọ́, mo tà á. Kò pé oṣù mẹ́fà tó fi kọjá iye tí mo rà á, gbèsè kọ́ọ́pù sì ń bẹ lọ́rùn mi. Àṣé àwọn tó yáwó ra ṣíà ká tó dé 2008 tí ọjà ṣíà já wálẹ̀ ti jìyà yìí rí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ṣì ní ìwé ṣíà ìgbà yẹn nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ san gbèsè. Èmi bọ́ sídìí FGN Savings Bond, ètò téèyàn fi ń yá ìjọba àpapọ̀ lówó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2017: 5,000 náírà ti tó bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, èlé ń wọ àkáǹtì báńkì yín ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kò dùn lẹ́nu, àmọ́ tí ọjà bá ń gbówó lórí ju èlé ẹ̀ lọ, owó yín ń rù nìyẹn, ìdí tí mo fi ń ra ṣíà díẹ̀ mọ́ ọn lóṣooṣù tí owó oṣù bá wọlé, iye kan náà, ṣíà ì báà wọ́n, ì báà jẹ́ ọ̀pọ̀. Áàpù ṣíà ti kúrò lórí fóònù mi. Ìyàwó mi ló ń bá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta.

Ti gọ́ọ̀fù ṣì ku díẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá mo gbórí sókè, bọ́ọ̀lù wọ oko ẹ̀gẹ́ ìyá kan, màmá ní àwọn ò ní dá a padà àfi tí mo bá ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn.