Ẹ má jẹ́ kó dìgbà tí ìkòkò bá gbẹ

Ààbọ̀ búrẹ́dì ló tú àṣírí mi. Ọmọ ọdún méje ni ọmọkùnrin mi nígbà náà. Wọ́n fún wọn lóúnjẹ ọ̀sán nílé ìwé, ó jẹ ìlàjì búrẹ́dì tirẹ̀, ó fa ewé kan ya nínú ìwé ìṣirò, ó fi wé ìyókù, ó sì tì í bọ àpò. Tíṣà rẹ̀ rí i, ó bi í pé ta ló ń gbé e lọ fún. Ó ní, "Màmá mi ni. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn ti jẹun, ṣùgbọ́n àwo wọn kì í dọ̀tí."

Tíṣà náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Nígbà tí mo wá mú àwọn ọmọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi bébà kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Ó ti kọ àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́ sí i, àti aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Wọn ò ní gbowó lọ́wọ́ yín, wọn ò sì ní da ìbéèrè bò yín." Mo dúpẹ́, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo tó sunkún.

Ebi kì í wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ọkọ mi ló kọ́kọ́ dá dúró. A ní oṣù kan péré ni, a ó rù ú là. A yọ ẹran kúrò, a yọ èso, a yọ oúnjẹ àárọ̀ àwa àgbà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, mo ti mọ̀ pé bí èèyàn bá mu omi gbígbóná kó tó sùn, inú á dákẹ́ díẹ̀. Kò yẹ kí ìyá ọlọ́mọ kankan mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé n kò wá ìrànlọ́wọ́ rí. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì kan ṣáájú. Aago méje àárọ̀ ni mo ti tò. Nígbà tó kàn mí, ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ní kí n mú ìwé tó fi hàn pé ibi tí mo sọ ni mo ń gbé. Orúkọ ọkọ mi ló wà lára tiwa. Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó wá fi ohùn tí gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi gbọ́ béèrè pé ṣé a ò ní mọ̀lẹ́bí ni. Mi ò padà lọ mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: láti kékeré ni mo ti mọ òwe yẹn, síbẹ̀ ìbéèrè ọkùnrin yẹn pa mí lẹ́nu mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí àwọn ọmọ mi ì bá ti máa jẹun yó! Òun ló ń mú mi kọ èyí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kò ju pé kí ẹ tètè béèrè, nígbà tí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ṣì wà nílé, kí ẹ má jẹ́ kó dìgbà tí ìkòkò bá gbẹ.

Ibi tí tíṣà júwe fún mi kò ju yàrá kan lẹ́yìn ilé ìjọsìn lọ. Pákó ni wọ́n fi ṣe àwọn àtẹ́ ara ògiri rẹ̀, agolo sì kún orí wọn. Obìnrin àgbàlagbà kan ló dá mi lóhùn. Nǹkan mẹ́ta ló béèrè: "Ẹ mélòó lẹ wà nílé? Ṣé ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀? Ṣé ẹ rí iná dáná, àbí kí n wá èyí tí ẹ ò ní sè fún yín?" Kò béèrè ohun tó gbé mi débẹ̀. Nígbà tó di ẹrù mi tán, ó mú irin tí wọ́n fi ń ṣí agolo, ó gbé e lé e lórí, ó ní, "Ẹ lè má ní." A ní ọ̀kan nílé. Ṣùgbọ́n pé ẹnìkan jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ ilé ìdáná mi débi irin ìṣíagolo, òun ló fún mi lẹ́sẹ̀ láti padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Iṣẹ́ ọkọ mi ti padà bọ̀ sípò báyìí. Ọdún kẹrin rèé tí èmi náà ti ń dúró sẹ́yìn tábìlì yẹn ní gbogbo Sátidé.

Ohun tó máa ń dá àwọn èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ni èrò pé àwọn fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó tòṣì ju àwọn lọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àìmọye ìyá. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń pín, bí kò bá dé ọ̀dọ̀ wa, ààtàn ni ì bá lọ: ohun tí ilé ìtajà ò tà tán, páálí tó tẹ̀ níkùn, èso tí kò lẹ́wà tó. Lọ́dún 1967, nílùú Phoenix ní Arizona, John van Hengel dá St. Mary's Food Bank sílẹ̀, èyí tí wọ́n kà sí báńkì oúnjẹ àkọ́kọ́ láyé. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́wàá kan ló fi ọ̀rọ̀ náà sí i lọ́kàn. Inú ìdọ̀tí tí ilé ìtajà dà nù ni ìyá yìí ti ń ṣa oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀, òun ló sì sọ pé ó yẹ kí ibì kan wà bíi báńkì, tí ẹni tó ní àṣẹ́kù á máa kó o sí, tí ẹni tí kò ní á máa wá gbà á. Ìyá tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ ló bí báńkì oúnjẹ. Nígbà tí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ rántí ìyẹn, ibi tí ẹnìkan bíi tiyín ní kí wọ́n kọ́ ni ẹ wà. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 2016, òfin kò gba ilé ìtajà ńlá láyè mọ́ láti ba oúnjẹ tó ṣì dára jẹ́. Àjọ tó ń bọ́ àwọn èèyàn ni kí wọ́n gbé e fún. Ó wù mí kí ó rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo.

Níbo lèèyàn á ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ti mọ ọmọ yín ni. Tíṣà, nọ́ọ̀sì tó ń gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹni tó ń tọ́jú aboyún: àwọn wọ̀nyí mọ ibi tí kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì lè bá yín kọ lẹ́tà. Lẹ́yìn wọn, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ẹ má sọ pé ẹ̀sìn yín kọ́. Gurdwara, ilé ìjọsìn àwọn Sikh, máa ń se oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní langar fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, láìbéèrè ẹ̀sìn tàbí ìran; gbogbo yín á jọ jókòó sílẹ̀ jẹun ni. Bí orílẹ̀-èdè yín bá ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún ìrànlọ́wọ́, ẹ pè é. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 211 ni, wọ́n á sì sọ ibi tó sún mọ́ yín jù. Amẹ́ríkà kan náà ní WIC, ètò oúnjẹ ìjọba fún aboyún, abiyamọ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, yàtọ̀ sí SNAP, owó oúnjẹ ìjọba tó wà fún agboolé. Ní Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ báńkì oúnjẹ tó wà lábẹ́ àjọ aláàánú Trussell ń béèrè ìwé àfihàn kí wọ́n tó fún èèyàn lóúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán. Dókítà, ilé ìwé tàbí Citizens Advice, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, lè bá yín gba ìwé náà. Ìdí rèé tí mo fi ń pariwo pé kí ẹ tètè lọ. Ìwé lè gba ọjọ́ mélòó kan, fọ́ọ̀mù ìjọba lè gba ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ebi kì í dúró de ìwé.

Ẹ fóònù kí ẹ tó gbéra. Ẹ béèrè ọjọ́ àti aago, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń gbà, ẹ béèrè pé ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ lè wá lóṣù kan. Bí ìwé tí wọ́n fẹ́ kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ má kàn pa fóònù. Ẹ ní, "Èyí ni mo ní, kí ni mo tún lè mú wá?" Ká ní mo mọ gbólóhùn yẹn lọ́jọ́ tí mo wà ní ọ́fíìsì ọjọ́sí ni, mi ò bá má padà sílé lọ́wọ́ òfo. Bí ẹnìkan bá sì lé yín, ẹ lọ síbòmíràn kí ọjọ́ náà tó ṣú.

Mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ ti àwọn ọmọ ọwọ́. Ìyá ọ̀dọ́ kan wá lọ́jọ́ kan, ó gbé ọmọ oṣù mẹ́ta pọ̀n. Bí mo ṣe ń kó nǹkan sí àpò rẹ̀, ó rọra bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣíbí kan sí ike omi, ṣé ó tó?" Ó ti ń fi omi la wàrà ọmọ kó lè tọ́jọ́. Ara mi gbọ̀n. Bí omi bá pọ̀ ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ á lọ sílẹ̀, gìrì lè mú un, ó sì lè pa á. Mo kó agolo méjì tó kù lórí àtẹ́ fún un, a sì fóònù nọ́ọ̀sì níwájú rẹ̀. Bí wàrà ọmọ bá ń tán lọ, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ẹ sọ ọ́ síta lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ̀yin ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún tí a bá fi tẹ́ẹ̀pù wọn àárín òkè apá rẹ̀ yíká tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá àpò oúnjẹ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ̀rù déètì ara páálí oúnjẹ tún máa ń ba àwọn èèyàn. "Use by", ọjọ́ tí a ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ kọjá, ni kí ẹ bọ̀wọ̀ fún, nítorí ọ̀rọ̀ ìlera ni, pàápàá lára wàrà ọmọ. "Best before" kò sọ pé oúnjẹ bàjẹ́, adùn rẹ̀ ló ń sọ. Agolo tó wú, tó ń jò, tàbí tó tẹ̀ wọnú lójú ìdè rẹ̀, ẹ jù ú nù. Ẹ má tọ́ ọ wò.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi orúkọ oúnjẹ ọ̀fẹ́ lu jìbìtì lórí WhatsApp. Kò sí ibi oúnjẹ ọ̀fẹ́ tòótọ́ tó ń gba owó fọ́ọ̀mù, kò sì sí èyí tó nílò nọ́ńbà àṣírí báńkì yín.

Ẹ̀yin tó ń fúnni, mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú fọ́tò. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ fi han àwọn tó dáwó. Ẹ ya àtẹ́, ẹ ya páálí, ẹ ya ọwọ́ tó ń dì í. Ìyá tó bá rí kámẹ́rà lẹ́nu ọ̀nà á yípadà, ebi ọmọ rẹ̀ á sì bá a padà sílé. Ẹ rántí àwọn tí kò ní iná ìdáná pẹ̀lú, àwọn tó ń sùn sínú mọ́tò, àwọn tó wà ní yàrá kan níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n má dáná. Ohun tí èèyàn lè ṣí kó jẹ ló wúlò fún wọn. Irin ìṣíagolo mẹ́wàá tí ẹnìkan gbé wá lọ́dún tó kọjá kò lo ọ̀sẹ̀ méjì tó fi tán.

Sátidé tó kọjá, a ti ń gbálẹ̀ nígbà tí mo rí ọkùnrin kan ní òdìkejì títì. Ó ti wà níbẹ̀ láti bí ìṣẹ́jú ogún. Á wo ẹnu ọ̀nà wa, á wo fóònù rẹ̀, á tún wo ẹnu ọ̀nà. Mo mọ ìdúró yẹn. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, mo sọdá lọ bá a. Mo kí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ mélòó lẹ wà nílé?"

Ó wolẹ̀ títí. Ó wá ní, "Àwa márùn-ún ni."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.