Mítà Rí 14.2, Bátìrì Ò Rí Nǹkan Kan

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ríwáyà, ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ tèmi kí n tó wá sí ìlú ọba. Nílé, bátìrì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí mo tún ṣe ń gbé. Ìgbà tí mo débí ni mo bá camper van pàdé: bọ́ọ̀sì tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí, tí ìdáná àti fìríìjì wà nínú ẹ̀, tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń wà lọ sí Scotland tàbí Cornwall láti lọ sùn létí òkun. Bátìrì méjì ló ń gbé. Ọ̀kan ń sítáàtì ọkọ̀. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní leisure battery, ló ń tan iná inú ilé. Ẹni tó bá mọ bátìrì inverter ti mọ irú èyí: àwo inú ẹ̀ nípọn, a lè máa mu ún díẹ̀díẹ̀ mọ́jú. Ti ọkọ̀ ní tiẹ̀, agbára ńlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Alternator kan (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí kó lè pèsè iná) ló ń ṣáájì méjèèjì, rílé kan, ìyẹn súwíìsì tí iná fúnra ẹ̀ ń tàn tó sì ń pa, sì wà láàárín wọn. Split charge lorúkọ ètò náà. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, rílé á so wọ́n pọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, á yà wọ́n, kí fìríìjì má baà mu bátìrì ọkọ̀ gbẹ lóru. Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n: àwo kan náà ni wọ́n fi ń jẹun lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́, kálukú á ti ilẹ̀kùn ẹ̀.

Tọkọtaya kan gbé tiwọn wá. Wọ́n lè wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin, síbẹ̀ ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí iná á fi kú. Mo fi mítà wọn bátìrì kejì, ó jẹ́ 11.6 fóòtì, ó ti gbẹ. Mo tú wáyà tó ń bọ̀ láti iwájú kúrò lórí ẹ̀, mo tan ẹ́ńjìnì, mo wọn ẹnu wáyà yẹn: 14.2. Mo ní, “Ṣáájì ń dé ibí, bátìrì ni kò gbà á. Ó ti kú.” Wọ́n ra tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún dé. Ojú tí wọ́n fi wò mí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá mi ò bínú. Ó ní kí n so wáyà náà padà, kí n tan ẹ́ńjìnì, kí n tún un wọ̀n. 12.3. Wáyà kan náà o!

Iná bíńtín ni mítà ń mu. Bó ṣe okùn bàbà kan péré ló kù nínú wáyà, mítà á rí gbogbo fóòtì tó yẹ kó rí. Ìgbà tí bátìrì bá bèèrè iná gidi ni àṣírí máa ń tú. Ẹ wo ẹ̀rọ omi tí ìdọ̀tí ti dí páìpù ẹ̀: bí ẹ bá ti ẹnu ẹ̀ pa, páìpù á kún dẹ́nu, ẹ ṣí i wàyí, ó ń kán tó, tó, tó.

Ọ̀gá mi wá gbé ẹnu mítà kan sórí bátìrì iwájú, èkejì sórí bátìrì ẹ̀yìn, pósítíìfù sí pósítíìfù, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Mítà ka 1.9. Ohun tó ń sọnù lójú ọ̀nà nìyẹn. Ó ní kí n máa tẹ̀ lé wáyà, kí n máa wọ̀n ọ́n ní abala-abala. Wáyà fúnra ẹ̀ jẹ 0.2. Láàárín ẹsẹ̀ 30 àti 87 rílé (ibi tí iná ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde), 0.1. Ilé fíùsì tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ló jẹ 1.6 tó kù. Nígbà tí mo ṣí i, omi òjò ti wọ̀ ọ́, bàbà inú ẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ti yọ́. Mo ti fi ètè sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti kọ́ mi ní nǹkan yìí rí. Ní Ìbàdàn, gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ tí a so wáyà méjì mọ́ ni ọ̀gá mi àkọ́kọ́ fi ń tẹ́ẹ̀sì. Mo ń fi rẹ́rìn-ín, mo ní ti àwọn àgbà ni. Gílóòbù 55 wáàtì máa ń mu ju áḿpù mẹ́rin lọ. Bí wáyà bá ń parọ́, pípọ́n ni á máa pọ́n, kò ní mọ́lẹ̀ dáadáa. (Ẹ má gbé e sára wáyà kọ̀ǹpútà ọkọ̀ o, ẹ máa jó nǹkan olówó ńlá.)

Ẹ wọn ọ̀nà nẹ́gátíìfù náà lọ́nà kan náà. Ọ̀dà tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì earth (èyí tó de wáyà nẹ́gátíìfù mọ́ ara ọkọ̀) ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ẹ má ra wáyà tẹ́ẹ́rẹ́: wáyà 6 mm² tó gùn ní mítà márùn-ún á jẹ nǹkan bíi 0.44 fóòtì bí ọgbọ̀n áḿpù bá ń gba inú ẹ̀ kọjá. 16 mm² á jẹ nǹkan bíi 0.16 péré. Fíùsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀dọ̀ méjèèjì ni iná ti lè jáde. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí bátìrì ṣe kún tó, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí díẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n: 12.7 ti kún, 12.2 ti dé ìdajì.

Àwọn bọ́ọ̀sì Euro 6 (òfin Yúróòpù lórí èéfín ọkọ̀) tó ń jáde láti nǹkan bíi 2015 ní tiwọn, ọ̀pọ̀ wọn ní alternator tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó lè dín fóòtì kù nígbà tó bá wù ú láti fi epo pamọ́. Rílé tó ń dúró de nǹkan bíi 13.3 kó tó pa dé lè má pa dé rárá, bẹ́ẹ̀ wáyà ò ní àrùn kankan. DC-DC charger (ẹ̀rọ tó ń gba iná láti iwájú, tó ń gbé fóòtì ẹ̀ dé ibi tí bátìrì kejì nílò) ni ẹ máa fi sí i, kì í ṣe rílé mìíràn.

Bátìrì àkọ́kọ́ yẹn, èyí tí mo ní ó ti kú, mo ṣáájì ẹ̀ mọ́jú, mo fi gílóòbù dán an wò, ó gbé e. Kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo dá owó tuntun padà fún tọkọtaya yẹn láti inú àpò mi, ọ̀gá mi sì gbé ògbólógbòó náà sórí tábìlì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gbé rédíò ṣọ́ọ̀bù títí di òní.