Lúkúlúkú àti èmi lọ́dún yìí

Oṣù kìíní ni lúkúlúkú wọ ilé adìyẹ mi. Nínú 200, 37 ló ṣẹ́ kù. Ẹ̀bi mi ni: mo sún àjẹsára síwájú nítorí owó, ọyẹ́ sì ti dé. Adìyẹ á lọ́ ọrùn sẹ́yìn, á máa yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé. Ojú èmi náà pọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà ẹranko ní fáírọ́ọ̀sì náà máa ń ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀.

Oṣù karùn-ún, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni kókó tó wà lọ́mú Àǹtí mi.

Níbi tí mo ti ń kàwé kiri lóru ni mo ti pàdé ọ̀tá mi: Newcastle disease, lúkúlúkú wa yìí náà! Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ kan ní New York, James Allison tó padà gba Nobel lọ́dún 2018 wà lára wọn, gbin jẹjẹrẹ awọ sí ìhà méjèèjì ara eku. Wọ́n gún fáírọ́ọ̀sì adìyẹ yìí, irú tí kò le, sínú kókó kan ṣoṣo. Èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn ló yà mí lẹ́nu. Fáírọ́ọ̀sì ò débẹ̀, síbẹ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ya bò ó. Jẹjẹrẹ ti ń ṣe bí ọmọ ilé tẹ́lẹ̀. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà kan ló jẹ́ kí ara mọ̀ pé olè ni. Wọ́n wá fi oògùn tó ń tú CTLA-4, ìjánu àwọn sẹ́ẹ̀lì agbèjà, kún un. Kókó méjèèjì pòórá lára ọ̀pọ̀ eku.

Kíá, mo ti fi ránṣẹ́ sí Àǹtí. Àṣìṣe kejì lọ́dún nìyẹn. Wọ́n pè: "Ṣé kí n wá máa jẹ adìyẹ tó ń ṣàìsàn ni?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ mo gbọ́ ohùn wọn. Mo ṣàlàyé pé eku ni, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ ọmú. T-VEC, oògùn tí wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì mìíràn ṣe, tí wọ́n ń gún sínú kókó, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2015, jẹjẹrẹ awọ náà ló wà fún. Nígbà tí wọ́n so ó mọ́ pembrolizumab, oògùn mìíràn tó ń tú ìjánu sẹ́ẹ̀lì agbèjà, nínú ìdánwò ńlá lára èèyàn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí pembrolizumab nìkan.

Àǹtí ti parí kímò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, báyìí. Lánàá, mo po Lasota, àjẹsára lúkúlúkú tí fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, fún 100 ọmọ adìyẹ tuntun, mo bu wàrà sómi rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Àǹtí jókòó lókèèrè, mi ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn.

"Ṣé èyí náà ni wọ́n gún eku?"

"Irú kan náà ni, mà."