Jọ mí, jọ mí: ohun tí agbọ́n kọ́ mi ní ẹ̀yìnkùlé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ SVT, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyá àgbà wa ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ní ilé wa ní Kétu, agbọ́n kan máa ń fi amọ̀ mọlé sára ògiri, ilé roboto bí ìkòkò tí ọmọdé fi ń ṣeré. Bó bá ti ń mọ ọ́n, a máa kùn yùnmùyùnmù. Ìyá àgbà a ní ọ̀rọ̀ ló ń sọ: "Jọ mí, jọ mí, jọ mí." Wọ́n ní kòkòrò ajewé tó jí gbé ló ń bá wí nínú amọ̀, pé kó jọ òun, títí yóò fi jọ ọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́. Kòkòrò ajewé ló wọlé lójú mi, agbọ́n ló sì jáde.

Ẹ má fi ìyá àgbà ṣẹ̀sín. Ohun tó wọlé, ojú wọn rí i. Ohun tó jáde, ojú wọn rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín, nínú òkùnkùn amọ̀, ni kò sẹ́ni tó rí, ni wọ́n bá fi ìtàn dí i.

Nígbà tí èmi náà ní ilé tèmi, mo gbin òdòdó sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì jẹ́ kí ẹfinrin tanná kí oyin lè máa wá. Kò pẹ́, agbọ́n yẹn dé sára ògiri. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo gbé àpótí síwájú rẹ̀, mo jókòó láti aago 8. Agbọ́n yìí kì í gbé lágbo, kì í sì í lé ènìyàn bí èyí tó máa ń so ilé sórí igi.

Nígbà tí ilé náà ku ẹnu nìkan, ó yíjú padà, ó ki ìdí bọ inú rẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé ó ń sinmi ni. Ó fò lọ. Nígbà tó máa padà, kòkòrò aláwọ̀ ewé kan ló gbá mọ́ àyà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó òun fúnra rẹ̀. Ó tì í wọlé. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti gbé 4 wá.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti dí ẹnu ilé. Mo fi abẹ́rẹ́ ṣí ẹ̀gbẹ́ kan, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kòkòrò 7 ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tó kú nínú wọn: bí mo ti fi ṣóńṣó koríko kàn wọ́n, ìdí wọn ń gbọ̀n. Lókè wọn, ẹyin funfun kan so rọ̀ láti òrùlé, okùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Orí mi wú.

Ìgbà tó ki ìdí bọlé yẹn, ẹyin ló ń yé. Oró tó fi ta àwọn kòkòrò náà rọ wọ́n lápá rọ wọ́n lẹ́sẹ̀, kò pa wọ́n, kí ẹran má baà jẹrà kí ọmọ rẹ̀ tó jẹ ẹ́ tán. Nítorí wọ́n ṣì lè mira, ó gbé ẹyin kọ́ sókè kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ pa. Ará Faransé kan, Jean-Henri Fabre (1823–1915), ti rí okùn yìí kí a tó bí bàbá mi. Ó ra ilé olọ́gbà kan ní Sérignan ní 1879, ibẹ̀ ló sì ti ń wo kòkòrò títí ogbó fi dé. Ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ náà ni.

Ilé tí mo tú, èèrà wọ̀ ọ́ lóru. Ó dùn mí gan-an. Mo fi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, mo kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 23, mo bá ihò lára rẹ̀, onílé ti lọ.

Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ẹ bá fi sí orí di alẹ́, orí á ti tún un sọ.

Ẹ má sì tètè pa nǹkan. Lórí ọsàn wẹ́wẹ́ mi, mo máa ń rí kòkòrò kan tó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, ìwo rírọ̀ méjì á yọ lẹ́yìn orí rẹ̀, pẹ̀lú òórùn burúkú. Mo ti pa tó 20 kí n tó fi ọ̀kan sínú ìgò pẹ̀lú ewé ọsàn. Labalábá ńlá dúdú tó ní tóótòòtó aláwọ̀ ìyeyè ló jáde. Labalábá tí mo ń torí rẹ̀ gbin òdòdó, èmi náà ni mo ń pa ọmọ rẹ̀ lórí ọsàn. Oògùn apakòkòrò inú oko òwú táwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀yìnkùlé kò mọ èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún. Ẹ má gbé e wọlé rárá.

Bí ẹ bá ní tannápọ̀sọ́, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ jókòó tì í. Ìgbà náà ló ń là, ìgbà náà sì ni àwọn labalábá òru ẹlẹ́nu gígùn ń bọ̀.

Ilé amọ̀ méjì wà lábẹ́ fèrèsé mi báyìí. Ọjọ́ 11 rèé. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí wọn ká, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ má baà fi ọwọ̀ gbá wọn dànù.