Orin, ìwé àti iṣẹ́ ọnà fún ẹni tí iṣẹ́ alẹ́ ti rẹ̀ ní Ìlú Ọba

Ẹni tó bá ń tọ́jú arúgbó, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì tàbí tó ń kó ẹrù nílé ìkẹ́rùsí ní Ìlú Ọba mọ̀ pé oorun nìkan kì í tán àárẹ̀. Ara lè sùn fún wákàtí 7 kí etí àti ahọ́n má sinmi rárá. Láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ ni ahọ́n ti ń fi èdè oníèdè ṣàlàyé ara rẹ̀, tí etí sì ń gbọ́ aago ẹ̀rọ àti ìpè ẹni tó wà lórí ibùsùn. Ohun tí a lè fi wo àárẹ̀ yìí kò wọ́n: orin díẹ̀, ìwé díẹ̀, àti ibi mélòó kan ní London tí èèyàn ti lè wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa láìsan kọ́bọ̀. Ìwọ̀n ló ṣòro. Ẹni tó bá fi orin ijó wá oorun, tàbí tó fẹ́ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé odindi tán lọ́jọ́ ìsinmi kan ṣoṣo, àárẹ̀ mìíràn ni yóò gbé délé.

Orin ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣì lò jù. Bí a bá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago 8 àárọ̀, fújì tàbí jùjú òde àríyá ló máa ń wà lórí fóònù, òun náà la sì máa tẹ̀. Ìlù tí wọ́n lù kí èèyàn lè dìde jó kò ní jẹ́ kí ara tó ń wá oorun balẹ̀. Sákárà ni kí ẹ gbé sí i. Gòjé (ohun èlò olókùn), ìlù sákárà tí a fi awọ bò lórí òrùka amọ̀, àti igbá tí wọ́n ń fi ìka tó wọ òrùka lù, àwọn ni òpó rẹ̀. Kò sí gìtá oníná níbẹ̀, kò sí kàkàkí. Yusuf Ọlátúnjí, Baba L'Ẹ́gbá, tó kú ní 1978, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Orin rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́, gòjé ń tẹ̀lé ohùn rẹ̀ lẹ́yìn, kò sì sí ibi tí ìlù ti máa ń bú lójijì tí yóò mú àyà èèyàn já.

Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá ayé ìgbà náà máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 20, àwọn olórin wa sì sábà máa ń kọrin já ojú náà láìdánudúró. Ìwọ̀n yẹn bá wa mu gan-an. Ẹ fi ojú kìíní wẹ̀, kí ẹ fi jẹun, kí ẹ wá fi ojú kejì dùbúlẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé orí YouTube ni ọ̀pọ̀ ti ń gbọ́ ọ: ìpolówó á já wọ àárín orin pẹ̀lú ariwo, bí orin bá sì parí, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ gbé òmíràn sí i, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ fújì. Ẹ pa gbígbé-orin-tẹ̀lé-orin yẹn (Autoplay), tàbí kí ẹ ra orin náà kí ẹ sì gbà á sórí fóònù. Lórí iPhone, ẹ ṣí Clock, ẹ lọ sí Timers, ẹ yan ìṣẹ́jú 25, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ When Timer Ends, kí ẹ fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ yan Stop Playing. Orin á dákẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ kò ní nílò àtijí wá pa á. Nígbà mìíràn, ẹni tó gba orin láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù á ti jẹ́ kí àwo náà yí yára jù, ohùn olórin á wá ga bí ohùn ọmọdé. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ wá ẹ̀dà mìíràn, nítorí ohùn tó ga bẹ́ẹ̀ kì í tu etí lára.

Sípíkà fóònù náà jẹ́ ọ̀tá. Ó kéré jù láti gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, nítorí náà gbogbo ohùn tó wúwo nínú ìlù á sọnù, igbá àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan á kù, tí wọ́n á máa han etí. Ìdí nìyẹn tí orin tó tuni lára nílé bàbá wa fi ń sú wa ní yàrá wa níbí. Íàpíìsì tó bo etí dáadáa tàbí sípíkà kékeré onípákó á dá ohùn ìsàlẹ̀ padà. Bí ògiri yín bá lẹ̀ mọ́ ti aládùúgbò, íàpíìsì ló dára jù, torí ohùn ìsàlẹ̀ gan-an ló máa ń gba inú ògiri kọjá.

Àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, tó kú ní 1983, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún oorun. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, òwe ń gorí òwe, etí á fẹ́ mọ ibi tó ń lọ. Ọjọ́ tí ẹ kò lọ síbi iṣẹ́, tí ẹ ń ṣa ẹ̀fọ́ tàbí tí ẹ ń lọ ata, ni kí ẹ gbọ́ ọ. Agídìgbo ibẹ̀ nìkan tó oúnjẹ.

Fún inú bọ́ọ̀sì, ẹ wá Ambrose Campbell. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1919, London ló sì ti kó ẹgbẹ́ West African Rhythm Brothers jọ nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ. Nínú òtútù kan náà tí à ń gbé yìí ni wọ́n ti kọrin Yorùbá sínú àwo. Orin wọn kúrú, bíi ìṣẹ́jú 3 péré, nítorí ìwọ̀n tí àwo kékeré ìgbà náà lè gbà nìyẹn, ó sì bá ìrìn láti ibùdókọ̀ kan sí èkejì mu. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá bá ti sú yín, African Suite tí Fẹlá Ṣówándé kọ ní 1944 kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Ohun èlò olókùn ló ń kọ ọ́, ìpín 5 ni, ìpín kẹrin sì jẹ́ orin ìrẹmọlẹ́kún. Ẹ lè gbọ́ ìyẹn nìkan kí ẹ tó sùn.

Ìwé le ju orin lọ fún ẹni tó ti rẹ̀, mo sì gbà pé òun ló ń bọ́ni jù. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ka Yorùbá gbẹ̀yìn. Ojú wa ti mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti kọ́ bí a ṣe ń sáré gba orí ọ̀rọ̀, tó bá wá pàdé Yorùbá á kọsẹ̀ ní gbogbo ìlà. Kì í ṣe pé ìwé náà le. Ẹnu ló mọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ojú kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ máa ka ìwé Yorùbá síta, kódà bó jẹ́ ní ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ẹni tí kò tíì ka Yorùbá láti ọdún pípẹ́ kó fi Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1974) bẹ̀rẹ̀. Èdè ibẹ̀ ṣe tààrà, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ni, ẹni tó bá sì ti wo fíìmù rẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997 ti mọ àwọn èèyàn inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ lọ bá Fágúnwà.

Ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, jáde ní 1938, gbólóhùn rẹ̀ sì gùn. Ọgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ ka ìpínrọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ kà á dé òpin láìpadà sẹ́yìn, bí ẹ bá tilẹ̀ ṣi ohùn pè. Ẹ mí níbi àmì ìdánudúró kọ̀ọ̀kan, nítorí Fágúnwà kọ gbólóhùn rẹ̀ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe fún ẹni tó ń wòran. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ohùn á sì bọ́ sáyè fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà àtijọ́ máa ń da àwọn ọ̀dọ́ rú: wọ́n á bá “aiye”, “nwọn”, “enia” àti “ọkọnrin” pàdé, wọ́n á rò pé àṣìṣe ni. Àkọtọ́ tí wọ́n ń lò kí wọ́n tó tún un ṣe ní 1974 ni. Ẹ má pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ pè é bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé.

Nínú ìwé yìí, Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, á wá sọ ìtàn rẹ̀, á lọ, á tún padà lọ́jọ́ mìíràn, èrò á sì ti pé dè é. Ibi tó bá ti dá ìtàn dúró ni kí ẹ̀yin náà ti pa ìwé dé. Ẹni tó ń dá gbé, tí ìran iwin máa ń ba oorun rẹ̀ jẹ́, kó jẹ́ ọ̀sán gangan ni yóò ka ibi tí iwin Àgbákò ti yọ.

Ọkọ̀ ojú irin ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí yẹ fún. Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971) jẹ́ ìtàn ọ̀daràn, Lápàdé ló ń tọpasẹ̀ wọn, ẹ kò sì ní fẹ́ gbé e sílẹ̀. Nítorí èyí gan-an ni kò fi dára lórí ibùsùn. Òwe inú wọn pọ̀ débi pé èèyàn á pàdé èyí tí kò gbọ́ rí. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fàlà sí i, ẹ má dúró. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń pe ìyá tàbí bàbá yín lórí WhatsApp, ẹ bi wọ́n ní 3 péré nínú rẹ̀. Àwọn àgbà fẹ́ràn ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ìpè náà á sì kúrò lórí ọ̀rọ̀ owó nìkan.

Ní ti iṣẹ́ ọnà, British Museum ní Great Russell Street ni mo fi ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ lọ, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń ṣí títí di aago 8:30 alẹ́. Lẹ́yìn aago 5, àwọn ọmọ ilé ìwé àti èrò abẹ̀wò ti dínkù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé oníbàárà ṣiṣẹ́, ẹ má ti ibi iṣẹ́ gba ibẹ̀ pẹ̀lú àpótí onítáyà, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ gbé e wọlé. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ má yà síbì kankan. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá 25, níbi tí nǹkan ilẹ̀ Áfíríkà wà. Wọ́n máa ń pààrọ̀ ohun tí wọ́n gbé síta, ẹ kọ́kọ́ wo ìkànnì wọn.

Nǹkan méjì péré ni kí ẹ wò. Èkíní ni orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán fún ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bo gbogbo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń dán, kò ní ìlà. Ẹ wo adé rẹ̀: ìyẹ́ tó wà níwájú ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, àwọ̀ pupa àti dúdú ṣì kù lára rẹ̀. Èkejì ni ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́, èyí tó dé Wembley ní London fún àfihàn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1924. Wọ́n gba ilẹ̀kùn náà, wọ́n sì fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ní ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba dípò rẹ̀. Ẹ má dúró níwájú rẹ̀ nìkan. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ lẹ ti máa rí bí àwọn ère ṣe yọ jáde kúrò lára pákó, tí orí wọn fi kọjú sí ẹni tó ń wò wọ́n. Ẹni tó bá mú pẹ́ńsùlù àti ìwé kékeré dání, tó ya èyíkéyìí nínú méjèèjì fún ìṣẹ́jú 20, ojú rẹ̀ á sinmi ju ti ẹni tó ya fọ́tò 50. Kò nílò kí àwòrán náà dára.

Inú lè bí ẹlòmíràn níbẹ̀, ìbínú náà sì tọ́. Bó bá jẹ́ pé òun ló gbà yín lọ́kàn, Greenwich sàn fún ọjọ́ ìsinmi. Níwájú ilé National Maritime Museum, ìta gbangba, ni ọkọ̀ ojú omi inú ìgò tí Yínká Shonibare ṣe ní 2010 wà. Ìgbòkun 37 ló ní, aṣọ tó dà bí àǹkárá ni gbogbo wọn, ẹ sì lè mú ọmọ dání kó máa ka àwọ̀ wọn.

Tó bá kan ríra ìwé, ẹni tó ń bọ̀ láti ilé ni kí ẹ rán. Ẹ ní kó ṣí ìwé wò kó tó sanwó: ẹ̀dà ayédèrú pọ̀ lọ́jà, àmì orí àti àmì ìdí ọ̀rọ̀ máa ń parẹ́ nínú wọn, ẹni tó ń kọ́ ìwé kíkà padà kò sì lè rí wọn kà. Ìwé 4 péré tí mo dárúkọ yìí kò ní gba àyè tó bẹ́ẹ̀ nínú báàgì, kò sì ní dí gààrí lọ́nà.