Ẹ́ńjìnì V8 Nínú MGB GT: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Láti Èrèlè Dé Òkúdù

Oṣù Èrèlè

MGB GT, ọkọ̀ kékeré ilé iṣẹ́ MG ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọkọ̀ tí mo ń tún ṣe ní Birmingham níbí. Ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́rin tí ìtóbi rẹ̀ (ìyẹn àyè inú àwọn sílíńdà rẹ̀) jẹ́ 1798 cc ni ó bá wá láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ní Abingdon. Mo ti yọ ọ́ tòun ti jíà rẹ̀, Rover V8 oní 3528 cc, onísílíńdà mẹ́jọ tí a tò ní ìlà méjì bí lẹ́tà V, tí a tú lára ọkọ̀ Rover SD1 ni yóò sì rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá yà sí gáréèjì ló ń bi mí léèrè bóyá imú ọkọ̀ náà kò ní wúwo jù báyìí, nítorí pé ẹ́ńjìnì tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àtijọ́. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí èsì rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀.

Mo fi ṣéènì gbé ẹ́ńjìnì méjèèjì kọ́ sábẹ́ òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí jíà lára wọn. Èyí tó tóbi ni ó fúyẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kò pọ̀. Irin dídà ni búlọ́ọ̀kù àti orí ẹ́ńjìnì kékeré, ṣùgbọ́n alumíníọ́mù ni ti V8. General Motors ni ó kọ́kọ́ ṣe é fún Buick láti 1961 títí di 1963, tí ìwọ̀n rẹ̀ nígbà náà sì jẹ́ nǹkan bíi 144 kílò, kí Rover tó ra ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òun kan náà ni ó wà nínú Range Rover àkọ́kọ́ tó jáde ní 1970.

Oṣù Ẹrẹ́nà

Kò sí ohun tí mo gbé sínú ọkọ̀ lóṣù yìí, àyàfi ìfọ̀ àti ìkùn inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo lo àkókò náà láti yẹ MGC kan wò dáadáa, nítorí pé òun ni ẹ̀rí tó dájú jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Láàárín 1967 sí 1969 ni wọ́n ṣe MGC. Ara MGB ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà oní 2912 cc ni wọ́n kì bọ̀ ọ́ nínú, èyí tí ó fi nǹkan bíi 95 kílò wúwo ju ti MGB lọ. Ẹ kíyè sí i pé ó kéré sí V8 tèmi ní ìtóbi, síbẹ̀ òun ni ó da ìrìn ọkọ̀ rú. Sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò sí ìlà kan, ẹ́ńjìnì náà sì gùn débi pé irin ìdábùú iwájú MGB kò lè gbà á. Wọ́n ní láti yọ sípíríǹgì iwájú, kí wọ́n fi ọ̀pá irin gbọọrọ tí ń lọ́ ara rẹ̀ dípò rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n mú kí bọ́nẹ́ẹ̀tì yọ gegele. Wọ́n sì mú kí sítíárìn gba ìyípo bíi mẹ́ta àtààbọ̀ láti apá kan dé apá kejì, nígbà tí ti MGB kò tó mẹ́ta, kí ọwọ́ awakọ̀ lè ká a.

Ohun tí ẹrù náà ń ṣe fún táyà ni ó jẹ mí lógún jù. Bí a bá fi ẹrù kún orí táyà, yóò di ilẹ̀ mú sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n àfikún ìdìmú náà kì í tó àfikún ẹrù. Nítorí náà, bí ọkọ̀ tí imú rẹ̀ wúwo bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré, táyà iwájú ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì, ọkọ̀ náà yóò sì máa fà síta dípò kí ó yà bí awakọ̀ ṣe fẹ́. Ibi tí ẹrù wà tún ń dá kún un. Ẹni tó gbé garawa omi méjì lọ́wọ́, tó na apá síta, kò lè yíra padà kíákíá bí ìgbà tí ó fà wọ́n mọ́ra, bẹ́ẹ̀ omi kan náà ni. Ẹ́ńjìnì tó bá na orí síwájú táyà ni apá tó nà síta.

Oṣù Igbe

V8 ti wọlé. Sílíńdà mẹ́rin ni ó wà ní apá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ́ńjìnì náà kúrú, ó sì ṣeé tì sẹ́yìn títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri irin tó wà níwájú ẹsẹ̀ awakọ̀. Mo gbé ọkọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n mẹ́rin, pẹ̀lú omi, ọ́ìlì àti tánkì epo kíkún, bí mo ti ṣe kí n tó yọ ẹ́ńjìnì àtijọ́. Ẹrù orí táyà iwájú méjèèjì dín díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn gidigidi sí i. Bátìrì kò sí lára ohun tí mo ní láti kó sẹ́yìn, nítorí ẹ̀yìn ìjókòó ni àwọn tó ṣe MGB ti fi í sí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbú ni ó fa wàhálà. Páìpù èéfín apá ọ̀tún fẹ́ gba ibi tí ọ̀pá sítíárìn gbà kọjá, àlàfo tó kù láàárín wọn kò sì gba ìka ọwọ́. Mo ti gé ihò sára ògiri inú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí páìpù lè gba ibẹ̀ jáde sí ẹ̀yìn táyà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe é lára MG RV8 tó jáde ní 1992.

Oṣù Òkúdù

Ó ti rìn lójú títì. Sítíárìn rẹ̀ kò wúwo ju ti àtijọ́ lọ, imú rẹ̀ sì ń yà wọ kọ́nà tinútinú. Ken Costello ti fi èyí hàn nígbà tí ó ń gbé V8 sínú MGB fún àwọn oníbàárà, kí ilé iṣẹ́ náà tó gbé MGB GT V8 tirẹ̀ jáde ní 1973. Èyí tí wọ́n ṣe títí di 1976 kò ju 2,591 lọ, iye náà sì kéré jù fún ọkọ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ kù sí. Agbára V8 ń lọ́ ásù ẹ̀yìn mọ́ sípíríǹgì onírin pẹlẹbẹ rẹ̀, bí mo bá sì tẹ epo kí kọ́nà tó tán, táyà a máa gbọ̀n jìgìjìgì kí ó tó di ilẹ̀ mú. Mo ti tú sípíríǹgì méjèèjì sílẹ̀. Èyí tó le díẹ̀ sí i ni n óò fi sí i, pẹ̀lú ọ̀pá kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí yóò so ásù mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kí ó má baà lọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ yóò padà sórí òṣùwọ̀n.